Òkúta Mẹ́ta Lórí Ìlà Kan: Bí Ìjà Inú Géèmù Ẹranko Abàmì Ṣe Ń Lọ

Kí ló kan òkúta aláwọ̀ nínú ìjà ẹranko? Ìbéèrè tó máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá yọjú wo fóònù ọmọ wọn, tàbí ti ẹni tí wọ́n jọ jókòó nínú kòròpé láti Ọláìyá sí Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Lókè ojú fóònù náà, ẹranko kan tó jọ aláǹgbá oníyẹ̀ẹ́ dojú kọ òmíràn tó jọ ìkòkò tó hu ẹsẹ̀. Nísàlẹ̀, òkúta pupa, òkúta aró àti òkúta aláwọ̀ ewé tò rẹrẹ. Ọmọ náà ti òkúta kan sí ẹ̀gbẹ́, mẹ́ta pàdé, wọ́n fọ́, ni ẹranko kejì bá ta gìrì sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ta ló gbá a? Kí ni wọ́n fi gbá a?

Géèmù méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni géèmù ìto-mẹ́ta. Òfin rẹ̀ kò ju bí èyí lọ: ẹ lè gbé òkúta méjì tó fara kanra gba ipò ara wọn, bí ìyẹn bá mú kí mẹ́ta tó jẹ́ àwọ̀ kan náà tò lóròó tàbí níbùú, wọ́n á pòórá, àwọn tó wà lókè wọn á wálẹ̀ dí àyè wọn, òkúta tuntun á sì máa rọ̀ láti òkè. Bí mẹ́ta kò bá tò, géèmù á dá òkúta méjèèjì padà sí ipò wọn bíi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Eugene Alemzhin, ṣe irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shariki ní 1994. Bejeweled dé ní 2001, òkúta mẹ́jọ lóròó, mẹ́jọ níbùú, àwọ̀ méje. Candy Crush Saga tó jáde ní 2012 ló wá gbé e dé ọwọ́ ìyá ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́ ìjọba, kódà àwọn tó ń sọ pé àwọn kì í ta géèmù.

Èkejì ni géèmù ìmú-ẹranko-sìn. Pokémon ni baba ńlá rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ilẹ̀ Japan ló ti jáde ní 1996. Satoshi Tajiri tó dá a sílẹ̀ fẹ́ràn láti máa mú kòkòrò kiri nígbà tó wà lọ́mọdé, ibẹ̀ ni èrò náà sì ti wá. Ẹranko 151 ló wà nínú èyí àkọ́kọ́. Ẹ ń rìn lọ nínú igbó, ẹ bá ẹranko kan pàdé, ẹ bá a jà títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, ẹ mú un, láti ọjọ́ náà lọ ó di tiyín, yóò sì máa bá yín ja òmíràn.

Ní 2007, Puzzle Quest fi ìto-mẹ́ta ṣe ojú ogun fún àwọn jagunjagun. Ní 2012, àwọn ará Japan gbé Puzzle & Dragons jáde, níbi tí òkúta ti ń sọ bí ẹranko ṣe máa jà. Pokémon fúnra rẹ̀ ṣe irú tirẹ̀, Pokémon Shuffle, ní 2015. Lẹ́yìn àwọn ńlá wọ̀nyí ni àwọn kéékèèké wà, tí ẹnì kan tàbí ẹni méjì jókòó ṣe, tí ènìyàn lè ta parí láàárín ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tó dé. Irú kékeré yìí ni mo máa fi ṣe àlàyé, torí ohun gbogbo inú rẹ̀ ló hàn sóde.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé wa ni pé ẹranko yẹn kò lè jà fúnra rẹ̀. Nínú géèmù ẹranko lásán, ẹ ó yan "bù ú jẹ" tàbí "tutọ́ iná sí i lára," ẹranko á sì ṣe é. Níbí, kò sí àṣẹ tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, ó sì dúró de òkúta àwọ̀ náà. Bí ẹ bá fọ́ pupa mẹ́ta, ẹranko pupa yín á kọlu ọ̀tá. Bí ẹ kò bá ní ẹranko pupa rárá, nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, òkúta pupa tí ẹ fọ́ kò mú nǹkan kan wá ju pé ó tú àyè sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹni tó ń ta á kì í fi kúrò nísàlẹ̀. Àwa tí à ń wòran là ń wo aláǹgbá.

Kí ni aláǹgbá náà gan-an? Nọ́ńbà ni. Nọ́ńbà kan fún ẹ̀mí rẹ̀, ìyẹn iye ìyà tó lè jẹ kó tó ṣubú, òmíràn fún agbára rẹ̀, àwọ̀ kan, àti àrà kan tàbí méjì tó lè dá, bíi kó sọ òkúta aró mẹ́ta di pupa. Bí ẹ bá yọ àwòrán kúrò, ohun tó kù kò ju ìwé ìṣirò lọ. Mo ń sọ èyí fún àwọn tí àwòrán ń bà lẹ́rù, tí wọ́n ní ẹ̀mí àìrí ló wà nínú fóònù. Nínú gbogbo ìlú, ti Òṣogbo kọ́ ló yẹ kí ẹ̀rù irú èyí ti máa bani. Igbó Òṣun kún fún ère gàgàrà olójú bàǹbà, ọlọ́wọ́ gbọọrọ, tí Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀, UNESCO sì kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Twins Seven-Seven, ayàwòrán Òṣogbo, ya iwin àti abàmì títí orúkọ rẹ̀ fi kárí ayé. Ọmọ tó ti rí àwọn wọ̀nyẹn, kí ni ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́ fi í ṣe?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń yí padà. Àwọ̀ lásán kọ́ ni. Iná, omi àti ewé ni. Iná ń jó ewé, ewé ń fa omi mu, omi ń pa iná. Kò sẹ́ni tó nílò olùkọ́ kó tó mọ̀ ọ́n, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe géèmù fi fẹ́ràn rẹ̀: ọmọ ọdún méje àti ìyá àgbà á jọ gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn kan tún ń fi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn kún un, méjèèjì a sì máa pa ara wọn lára.

Mo fẹ́ fi nọ́ńbà tí mo fúnra mi yàn ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ọ̀tá ní ẹ̀mí 60, tí òkúta kọ̀ọ̀kan tó fọ́ sì ń yọ 5 nínú rẹ̀. Mẹ́ta yọ 15. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni yóò gbà yín kó tó ṣubú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹranko ewé, tó sì jẹ́ òkúta iná lẹ fọ́, ìyà náà di ìlọ́po méjì, 30 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ìgbésẹ̀ méjì, ó tán. Bí ẹ bá wá ṣìnà tí ẹ fi omi kọlù ú, ìdajì ni yóò jẹ́, 7 àbọ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ. Ẹranko kan náà, agbára kan náà, ọ̀kan fi ìgbésẹ̀ méjì parí iṣẹ́, ìkejì fi mẹ́jọ, ọ̀tá sì ń lù yín ní gbogbo àkókò tí ẹ fi ń fà á. Ẹni tó bá ń sọ pé géèmù náà ń rẹ́ òun jẹ, ẹ bá mi wo àwọ̀ ẹranko tó kó jáde ná.

Kí ló dé tí òkúta máa ń fọ́ fúnra wọn nígbà mìíràn, tí ariwo á gba gbogbo ọkọ̀? Nígbà tí mẹ́ta pòórá, àwọn tó wà lókè wálẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wálẹ̀, mẹ́ta mìíràn lè ṣe kòńgẹ́ ara wọn láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn náà á fọ́, òmíràn á tún wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù ń fi kún ìyà tó ń jẹ ọ̀tá bí ìwó yìí bá ṣe gùn tó. Nǹkan méjì ló ń pinnu bó ṣe máa wáyé tó. Bí àwọ̀ bá kéré, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Ọpọ́n aláwọ̀ mẹ́rin yóò wó ju aláwọ̀ méje lọ. Èkejì ni ibi tí ẹ ti fọ́ òkúta. Bí ẹ bá fọ́ mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ pátápátá, gbogbo ohun tó wà lókè wọn ló máa mì. Bí ẹ bá fọ́ mẹ́ta ní òkè téńté, díẹ̀ ni yóò yí padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ìlà kan dára ju mẹ́ta lọ. Nínú Puzzle Quest, mẹ́rin á fún yín láǹfààní láti tún gbé ìgbésẹ̀ kejì kí ọ̀tá tó fọwọ́ kan nǹkan. Kí ló mú kí ìyẹn ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Torí pé nínú géèmù náà, ọpọ́n kan ṣoṣo ni ẹ̀yin àti ọ̀tá jọ ń lò. Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni òun yóò bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ayò ọlọ́pọ́n mọ bó ṣe ń rí: kéèyàn máa yọ̀ lórí ọmọ mẹ́ta tó jẹ, kó má sì rí i pé òun ti ṣí ilé fún ẹni kejì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ọmọ ayò 48 ló wà lójú ọpọ́n, kò sí èyí tó ń já bọ́ látọ̀run. Nínú ìto-mẹ́ta, ẹ lè ṣírò ohun tí ẹ̀ ń wò dáadáa, ẹ ò sì lè mọ òkúta tó ń bọ̀.

Ṣé oríire lásán ni nígbà náà? Rárá o. Oríire ló ń yan òkúta tuntun. Ẹ̀yin lẹ̀ ń yan ẹranko tó jáde, àwọ̀ tí ẹ fọ́, ibi tí ẹ ti fọ́ ọ, àti ìgbà tí ẹ lo àrà ẹranko yín. Kódà ní 2014 àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ìṣirò hàn pé bí ọpọ́n ìto-mẹ́ta bá gbòòrò, àtirí ìgbésẹ̀ tó dára jù lórí rẹ̀ wà lára àwọn ìṣòro tí kò tíì sẹ́ni tó rí ọ̀nà kíákíá sí. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ranjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan kó tó ti òkúta kan ṣoṣo, ọpọlọ rẹ̀ kò kú.

Ó wá ku mímú. Níbí ni géèmù náà ti dùn jù lójú tèmi, ibẹ̀ náà sì ni ó ti ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú jù. Ọ̀pọ̀ rò pé bí àwọn bá ti lu ẹranko náà bolẹ̀, ó ti di ti àwọn. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí géèmù ń gbà mú ẹranko pọ̀, mo sì lè ka mẹ́ta.

Ọ̀nà ti Pokémon àtijọ́ ni pé kí ẹ lù ú títí ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi kù díẹ̀, kí ẹ má sì pa á. Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ó ṣe máa rọrùn láti mú tó. Bó bá ṣubú pátápátá, ẹ ti pàdánù rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé òfin yìí sórí ọpọ́n òkúta: ìwó tí ẹ ti ń gbàdúrà fún látàárọ̀ di ọ̀tá yín. Ẹranko ti kù díẹ̀ kí ẹ mú un, ẹ fọ́ mẹ́ta jẹ́jẹ́, mẹ́ta mìíràn ṣe kòńgẹ́, òmíràn tẹ̀ lé e, ẹranko kú. Ibi tí òkè àti ìsàlẹ̀ ọpọ́n ti wúlò nìyí. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa ọ̀tá, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fọ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mú un láàyè, òkè ni kí ẹ wà, níbi tí òkúta tó máa mì kò ti pọ̀, kí ẹ sì fọ́ àwọ̀ tí kì í pa á lára púpọ̀. Agbára tó kéré di ohun èlò. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbà á, torí apá ọ̀tún àti tòsì ni wọ́n fi ń jà.

Ọ̀nà kejì ni ti Pokémon Shuffle. Wọ́n á fún yín ní iye ìgbésẹ̀ kan. Bí ẹ bá borí kó tó tán, ìgbésẹ̀ tó ṣẹ́ kù yóò fi kún àǹfààní tí ẹ ní láti mú ẹranko náà. Ẹni tó ń ṣọ́ ìgbésẹ̀ ná ló ń jèrè níbí. Ẹni tó fi ìgbésẹ̀ kan tó kù borí àti ẹni tí mẹ́fà ṣì kù fún, àwọn méjèèjì borí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló súnmọ́ ẹranko jù.

Ọ̀rọ̀ àǹfààní yìí tọ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Géèmù lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé àǹfààní yín láti mú un jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 25 nínú 100. Àwọn ènìyàn á ní, "Ó dáa, bí mo bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, dandan ni." Kì í ṣe dandan. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Géèmù kò rántí pé ẹ ti kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí 100 ènìyàn bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́rin mẹ́rin ní àǹfààní 25 yìí, nǹkan bíi 32 nínú wọn ló máa padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bí ẹ bá wá fi ọgbọ́n tọ́jú ìgbésẹ̀ títí àǹfààní fi di 50, àwọn tó máa padà lọ́wọ́ òfo lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́rin á wálẹ̀ sí bíi 6. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ mú ẹranko kò nílò kó tún gbìyànjú lógún ìgbà. Ó nílò láti jà dáadáa lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀nà kẹta ni ti Puzzle Quest: lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣẹ́gun irú ẹranko kan léraléra, wọ́n á gbé ọpọ́n kan síwájú yín tí òkúta tuntun kì í rọ̀ sí. Ẹ gbọ́dọ̀ fọ́ gbogbo rẹ̀ tán láìku ẹyọ kan. Oríire kò sí níbẹ̀ rárá, ọpọlọ lásán ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju méjì tó kù lọ.

Ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn òbí gbọ́dọ̀ mọ̀, ó sì ju ọ̀rọ̀ àwòrán lọ. Géèmù kúkúrú ní òpin. Ẹ mú ẹranko bíi mélòó kan, ẹ ṣẹ́gun ọ̀gá wọn, orúkọ àwọn tó ṣe é jáde, ó tán. Lórí itch.io, ìkànnì tí àwọn tó ń ṣe géèmù ń gbé iṣẹ́ wọn sí, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó táṣẹ́rẹ́, àwọn mìíràn sì ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà láìgba ohunkóhun sórí fóònù. Àwọn ńlá tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kì í tán. Nínú Candy Crush, ẹ̀mí márùn-ún lẹ ní. Bó bá tán, ẹ ó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọ̀kan tó padà wá, tàbí kí ẹ sanwó. Nínú Puzzle & Dragons, ẹ̀rọ kan wà tó ń ya ẹyin: ẹ fún un ní òkúta iyebíye, ẹyin bọ́ sílẹ̀, ẹ ò mọ ẹranko tó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi pa. Bí òkúta iyebíye náà bá tán lọ́wọ́ yín, owó gidi lè ra òmíràn. Ìyẹn ni mo pè ní tẹ́tẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ fi ẹyin bò ó. Èmi nìkan kọ́ ló rí i bẹ́ẹ̀: ní 2012 ìjọba Japan fòfin de irú rẹ̀ kan tó burú jù, níbi tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ kó odidi ọ̀wọ́ jọ látinú ohun tó ń rà láìmọ inú rẹ̀ kó tó gba ẹ̀bùn ńlá. Ní 2018 àwọn aláṣẹ tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé àpótí àìmọ̀nú tí wọ́n ń fowó tà nínú àwọn géèmù kan ta ko òfin tẹ́tẹ́ wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ pa dátà fóònù náà, kí ẹ sì ṣí géèmù. Bó bá ṣí tó sì ń lọ geere, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kékeré tó dá dúró. Bó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ojú ìwé rẹ̀ lórí Play Store. Wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bí nǹkan bá wà láti rà nínú rẹ̀. Bí káàdì ATM yín bá wà lórí fóònù náà, ẹ lọ sínú ètò Play Store kí ẹ ní kó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra nǹkan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín, ẹ yan èyí tí òkúta rẹ̀ yàtọ̀ ní àwọ̀ àti ní ìrísí, pupa kó jẹ́ ahọ́n iná, aró kó jẹ́ ẹ̀kán omi, torí àwọn kan wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé, oòrùn ọ̀sán gangan a sì máa sọ gbogbo wa di bẹ́ẹ̀. Ẹ sì wádìí ibi tí géèmù náà ń kó ìrántí rẹ̀ sí kí ẹ tó fi fóònù fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe láti bá yín pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré wọ̀nyí kò ní àkáǹtì kankan: orí fóònù yẹn nìkan ni àwọn ẹranko yín ń gbé, bí ẹ bá sì yọ géèmù kúrò, gbogbo wọn ló bá a lọ.